Ìdọ̀bálẹ̀ Nítorí Píkọ́ọ̀pù

Ìwọ tí o ń ka ìtàn yìí, gbọ́ ìkìlọ̀ kí o tó kà á síwájú. Bí ẹni tó jù ọ́ lọ bá wọ ilé rẹ, tí o sì rí i pé ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ọ, má dúró wò ó. Gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Bí bàtà bá jìnnà, fi bàtà sílẹ̀. Bí àyà àgbà bá ti kan ilẹ̀ níwájú rẹ, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ nìyẹn. Ohun tó bẹ̀ ọ́ ni o máa ṣe, ibi tó bá sì gbé ọ dé ni o máa dé. Síkírù kò sá. Nígbà tó wá kan Adéníran, òun náà kò rí ọ̀nà sá. Jẹ́jẹ́ la ó sọ ọ́, torí àwọn kan ṣì wà tí wọn ò ní fẹ́ kí á sọ ọ́ rárá.

Oníkúṣìn ni Adéníran, ní Pápá Àjàó. Ìsọ̀ rẹ̀ wà láàárín ẹni tó ń jó irin àti ẹni tó ń kun ọkọ̀, ariwo lọ́tùn-ún, òórùn ọ̀dà lósì. Ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Kò parí ìwé mẹ́fà, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ṣe ń fa aṣọ lórí fóòmù tí kò fi ní hunjọ, ó sì mọ bí a ṣe ń fẹnu mú ìṣó. Bí àwọn oníkúṣìn ṣe ń ṣe nìyẹn: wọ́n á da ìṣó kéékèèké sẹ́nu, ahọ́n á máa ti ọ̀kọ̀ọ̀kan síta, ọwọ́ á gbà á, òòlù á kàn án mọ́ igi. Bí ìṣó bá wà lẹ́nu Adéníran, ẹnikẹ́ni kì í bá a sọ̀rọ̀. Motúnráyọ̀, ìyàwó rẹ̀, máa ń sọ pé ọjọ́ tí òun bá fẹ́ bèèrè owó ọbẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ìṣó máa ń pọ̀ lọ́wọ́ ọkọ òun.

Ojo ni ọkùnrin náà. Òun gan-an kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn rẹ̀. Nígbà tí àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ padà gba ìjọba, tí wọ́n ní kí gbogbo ayé máa tò sórí ìlà kí wọ́n tó wọ ọkọ̀, ṣọ́jà kan fọ́ ọ létí ní Ojúẹlẹ́gba. Kò mọ̀ pé òun ti kúrò lórí ìlà. Láti ọjọ́ náà, bó bá rí ẹni tó wọ ẹ̀wù àti ṣòkòtò aláwọ̀ kan náà, ì báà jẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ báńkì, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á jẹ́ kó kọjá.

Ohun kan ló ní láyé tó lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí, píkọ́ọ̀pù Datsun kan tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń bó. Òun ló fi ń lọ ra aṣọ àti fóòmù, òun ló fi ń gbé àga lọ fún oníbàárà. Ṣáájú píkọ́ọ̀pù yẹn, orí ọmọlanke ni àga rẹ̀ ti ń jẹ òjò. Ẹni tó bá gba píkọ́ọ̀pù lọ́wọ́ Adéníran, ìsọ̀ ló tì pa.

Ẹ̀yìn ọjà Tẹ̀júoṣó ló ti máa ń gbé e sílẹ̀ bó bá lọ ra aṣọ. Páàkì kan wà níbẹ̀ nígbà náà, ilẹ̀ gbalasa tí wọ́n fi páànù yí ká. Páàkì Onípáànù ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ti ìjọba. Ẹnì kan ló ni ín. Orúkọ onítọ̀hún, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Wọ́n ní ó ti wọṣọ ológun rí. Máníjà rẹ̀ ni àwọn èèyàn mọ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Túbọ̀sún, tó ń wọ táì nínú oòrùn, tí kì í pariwo.

Páàkì náà kéré, ọkọ̀ sì pọ̀. Nítorí èyí, àṣà kan wà níbẹ̀ tí gbogbo awakọ̀ mọ̀. Bí o bá gbé ọkọ̀ sílẹ̀, o kò gbọdọ̀ fa háńbíréèkì, o kò sì gbọdọ̀ fi jíà kankan sí i. Fíríì ni o máa fi sílẹ̀. Wọ́n ń to ọkọ̀ sídìí ọkọ̀ ni. Bí ẹni tó wà nínú bá fẹ́ jáde, àwọn òṣìṣẹ́ á fọwọ́ ti ọkọ̀ ẹni ìta kúrò lọ́nà, bó bá ti jáde tán wọ́n á tún tì í padà. Ẹni tó bá fa bíréèkì, wọ́n á bú u títí dé orí bàbá rẹ̀. Wọ́n á ní ìwà ará oko ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Adéníran kì í fa bíréèkì. Ó ń bẹ̀rù èébú náà.

Olórí àwọn tó ń ti ọkọ̀ níbẹ̀ ni Síkírù, ọkùnrin tó tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, èjìká rẹ̀ gbòòrò bí ìlẹ̀kùn. Ìjẹ̀bú ni òun àti Adéníran, ìlú kan náà, àdúgbò kan náà pàápàá. Musulumi ni Síkírù, ọmọ ìjọ ni Adéníran, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pàdé, ọ̀rọ̀ ilé ni wọ́n máa ń sọ. Síkírù á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi sí fíríì o," Adéníran á ní, "Fíríì ni, àbúrò mi." Ìkíni wọn nìyẹn.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, Adéníran gbé píkọ́ọ̀pù sí ìdí páànù nínú lọ́hùn-ún, ó wọ ọjà lọ. Nígbà tó ru aṣọ dé, kò bá ọkọ̀ níbi tó gbé e sí. Ẹnu géètì ló bá a, tí táyà iwájú rẹ̀ ti kọjá ìlà funfun tí wọ́n fà sílẹ̀, tí wọ́n sì ti fi ṣéènì di táyà ẹ̀yìn mọ́ irin géètì. Ìwé kan wà lábẹ́ wáípà rẹ̀. Ó kà á díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní kó san owó ìtanràn. Owó náà ju ohun tí ìsọ̀ rẹ̀ lè pa láàárín oṣù méjì. Bí kò bá san án láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á wọ́ ọkọ̀ náà lọ, wọ́n á lù ú ní gbànjo. Ẹni tí kò bá gbà pé òun jẹ̀bi, kó wá rojọ́ níwájú máníjà ní Ọjọ́rú, kó sì mú ẹlẹ́rìí dání.

Adéníran wò yí ká. Síkírù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kan lọ́hùn-ún, ó ń fi aṣọ nu gíláàsì tí kò dọ̀tí.

"Síkírù, ta ló gbé ọkọ̀ mi dé ibí?"

Síkírù kò wo ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ rí máníjà." Ó ń nu gíláàsì lọ.

Adéníran kò lọ rí máníjà ní ọjọ́ náà. Ọlọ́pàá kan máa ń jókòó sábẹ́ agbòòrùn ní ẹnu géètì páàkì, ó wà níbẹ̀, ó ń jẹ ọsàn. Adéníran gbé ẹrù aṣọ rẹ̀ sórí, ó gba ẹ̀gbẹ́ kejì títì kọjá.

Nílé, Motúnráyọ̀ gba ìwé náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, torí ó mọ̀wé ju ọkọ rẹ̀ lọ díẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò le. Ìdí páànù ni ọkọ wà, ọkọ kì í fẹsẹ̀ rìn, ẹni tó tì í wà láyé, kí ẹni náà wá sọ ọ́. Adéníran ní bóyá kí àwọn kúkú yá owó náà kí àwọn san án, kí ẹ̀rù má ba òun. Motúnráyọ̀ bi í pé ta ni wọ́n á yá a lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rí ẹnikẹ́ni dárúkọ. Àga ṣọ́ọ̀ṣì kan wà nílẹ̀ tó yẹ kó gbé lọ sí Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó kí Sunday ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó pé, pásítọ̀ sì ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá Kíkẹ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "bí o ò bá la ẹnu ní Ọjọ́rú, orí ọmọlanke la tún padà sí yẹn o."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ó wá Síkírù lọ sílé. Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó náà ni Síkírù ń gbé, yàrá kan pẹ̀lú ìyá rẹ̀, obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó ń ta kẹ́rósìn nínú ìgò lẹ́nu ọ̀nà. Adéníran ń ro ohun tó lè fún Síkírù bó ṣe ń rìn lọ. Kò ní owó. Kò ní ẹni ńlá tó lè gbà á sílẹ̀ bí iṣẹ́ bá bọ́. Ó rò ó títí ó fi dé ibi ilé oníbúrẹ́dì, ó wá rí i pé ohun kan ṣoṣo tí òun ní tí Síkírù kò ní ni ọjọ́ orí. Ó dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ó mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ó tún ń lọ.

Síkírù ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́. Ó gbé kẹ́tù omi sílẹ̀, ó kí i, ó gbé àpótí fún un. Adéníran kò tíì jókòó dáadáa tí Síkírù fi ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo mọ ohun tí ẹ bá wá. Mi ò lè ṣe é."

Ó wá fi ohùn kékeré ṣàlàyé fún un. Ó ní máníjà ló ń rán àwọn. Bí ọ̀sán bá pọ́n, tí páàkì bá kún, á fi ojú yan ọkọ̀ kan tàbí méjì, ọkọ̀ ẹni tí kò jọ pé ó ní ẹni ńlá lẹ́yìn, á ní kí àwọn tì í kọjá ìlà. Nítorí pé gbogbo ọkọ̀ wà ní fíríì, kò nira. Ó ní àwọn tó ń ti ọkọ̀ kì í rí nínú owó rẹ̀, owó oṣù àwọn nìkan ni.

"Mo sọ fún un pé ará ìlú mi ló ni píkọ́ọ̀pù yẹn," ni Síkírù wí. "Ó ní ṣé ará ìlú mi ló ń sanwó oṣù fún mi ni."

Adéníran bẹ̀ ẹ́. Síkírù ní rárá. Ó tún bẹ̀ ẹ́, ó mẹ́nu kan bàbá Síkírù tó ti kú, tí òun mọ̀. Síkírù ní Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ṣùgbọ́n rárá. Ó ní kí Ẹ̀gbọ́n jẹ́ kí òun máa rí jẹ. Nígbà náà ni Adéníran dìde lórí àpótí, ó ṣí fìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì níwájú ọmọ tó lè bí. Àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Omi àlùwàlá tó dà sílẹ̀ rin ẹ̀wù rẹ̀.

Ìyá arúgbó náà ju ìgò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde. Ẹ dìde kíákíá. Síkírù, gbé wọn dìde, kí lò ń wò?"

Síkírù mú un ní èjìká. Ó wúwo bí òkú.

"Mi ò dìde," ni Adéníran wí, ẹnu rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀. "Àfi kó o gbà."

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún ọba, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún àna, ọmọdé ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá na ara sílẹ̀ fún ọmọdé, tí ọmọdé náà sì kọ̀, ta ló fẹ́ jẹ́ ọmọdé yẹn? Síkírù fi èjìká Adéníran sílẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò lè wí fún un pé kó kọ̀.

"Mo gbà," ni Síkírù wí. "Ẹ jọ̀ọ́, mo gbà. Ẹ dìde."

Adéníran dìde. Ìyá arúgbó náà ń wò ó bí ẹni ń wo olè. Ó ní, "Ẹ ti di ọmọ mi lọ́wọ́ nìyẹn. Òun nìkan ni mo ní. Bí wọ́n bá wá fọwọ́ kàn án ńkọ́?"

"Bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, Mama, èmi ni màá kọ́kọ́ la ẹnu. Mo ṣèlérí fún yín níbí yìí."

Kì í ṣe irọ́ ló ń pa. Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ó gbà pé òun lè ṣe é.

Ọjọ́rú pé. Kọ̀ntẹ́nà kan tí wọ́n gé fèrèsé sí lára ni ọ́fíìsì máníjà. Túbọ̀sún dìde kí Adéníran, ó ní, "Bàbá, ẹ káàbọ̀," ó fi ìjókòó lọ̀ ọ́. Kọ́kọ́rọ́ ṣéènì wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, ó ń fi ìka yí i po. Ó ní kí Bàbá sọ tẹnu rẹ̀. Adéníran sọ ọ́, ó ń kólòlò, ó sọ pé ìdí páànù ni òun gbé ọkọ̀ sí, pé fíríì ló wà gẹ́gẹ́ bí àṣà, pé òun ní ẹlẹ́rìí. Túbọ̀sún ní ta ni. Síkírù wọlé.

Ó dúró gbọnrangandan. Ó ní, "Èmi ni mo tì í, sà. Ẹ̀yin lẹ ní kí n tì í."

Adéníran gbọ́ gbólóhùn méjèèjì. Ó gbọ́ wọn bí ìgbà tí òòlù bá ba ìṣó.

Túbọ̀sún rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dìde, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó pe ọlọ́pàá ìdí agbòòrùn. Ó fi ìfọ̀kànbalẹ̀ ṣàlàyé fún un. Ó ní ó ti pẹ́ tí àwọn oníbàárà ti ń ké pé bátìrì ń sọnù lára ọkọ̀, pé rédíò ń sọnù, tí òun kò sì mọ ẹni tó ń ṣe é. Ó ní Ọlọ́run ti dá òun lóhùn lónìí. Ọkùnrin yìí ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ló ń ti ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ káàkiri páàkì bó ṣe wù ú. Ó wá yíjú sí Adéníran.

"Ẹjọ́ yín tọ́, Bàbá. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ mi ló ti ọkọ̀ yín láìgbàṣẹ, ẹ ò jẹ gbèsè kankan. Ẹ ó gbé ọkọ̀ yín lọ báyìí." Ó mú kọ́kọ́rọ́ náà dání. "Ẹ kàn bá ọ̀gá ọlọ́pàá sọ ohun tí ẹ gbọ́."

Ọlọ́pàá náà ṣì ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu omi ọsàn ní àgbọ̀n. Ó bi Adéníran ibi tí ìsọ̀ rẹ̀ wà. Adéníran sọ fún un. Ọlọ́pàá ní òun mọ ibẹ̀, òun mọ ẹni tó ń kun ọkọ̀ níbẹ̀, òun á máa yà wá. Ó wá ní, "Ṣé ó ní òun ló ti ọkọ̀ yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé ó ní ẹnì kan ló rán òun?"

Adéníran wo Síkírù. Síkírù kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn ń wò ó bí ẹni tó ń dúró de ohun tí wọ́n ti jọ sọ. Adéníran tún wo kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Túbọ̀sún. Ó wo aṣọ ọlọ́pàá, ẹ̀wù àti ṣòkòtò, dúdú kan náà. Etí òsì rẹ̀, èyí tí ṣọ́jà gbá ní Ojúẹlẹ́gba, bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

"Ìyẹn," ni ó wí, "mi ò gbọ́ ìyẹn dáadáa."

"Ẹ̀gbọ́n," ni Síkírù wí.

Wọ́n tú ṣéènì. Túbọ̀sún fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ júwe fún un títí tó fi yọ sí títì. Nínú dígí ọkọ̀, Adéníran rí i tí wọ́n di ọwọ́ Síkírù sẹ́yìn, tí ẹnì kan sì ń fa bẹ́líìtì rẹ̀ yọ.

Motúnráyọ̀ yọ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jó nígbà tó gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì. Ó ní ṣé òun kò sọ bẹ́ẹ̀, pé ẹnu ni a fi ń gba ara ẹni. Ó bi í bí Síkírù ṣe sọ̀rọ̀. Adéníran ní ó sọ ọ́ dáadáa. Ó bọ́ sílẹ̀, ó padà sínú ọkọ̀, ó fa háńbíréèkì. Láti ọjọ́ náà kò gbé ọkọ̀ síbì kan kó má fa bíréèkì, ì báà jẹ́ nínú àgbàlá tirẹ̀ tó tẹ́jú pẹrẹsẹ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Síkírù lẹ́yìn náà, bíńtín ni a gbọ́ níbẹ̀. Wọ́n lù ú ní àgọ́. Gbogbo bátìrì tó ti sọnù ní Páàkì Onípáànù láti ìgbà tí wọ́n ti dá páàkì náà sílẹ̀, orí rẹ̀ ni wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ lé. Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, adájọ́ kò jókòó. Wọ́n tún gbé e lọ, àwọn ẹlẹ́rìí kò wá. Ó wá bọ́ sí ọ̀gbà ẹ̀wọ̀n láàárín àwọn tó ń retí ìdájọ́. Ẹni tó bá mọ irú ìrètí bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ó máa ń gùn. Ẹnì kan tó jáde níbẹ̀ ní ẹsẹ̀ Síkírù ti wú, pé kò sì lè rìn jìnnà mọ́.

Ìyá rẹ̀ wá sí Pápá Àjàó. Ìgbà àkọ́kọ́, ó dúró níwájú ìsọ̀, ó sọ̀rọ̀ wọ̀ọ̀rọ̀. Ó ní lọ́yà kan tó jẹ́ ọmọ ìlú wọn ti yọ̀ǹda láti bá wọn sọ̀rọ̀ láìgba kọ́bọ̀. Lọ́yà náà ní bí ẹni tó wà nínú kọ̀ntẹ́nà lọ́jọ́ náà bá lè wá sọ pé Síkírù dárúkọ ẹni tó rán an, wọ́n lè tú u sílẹ̀. Adéníran ní òun á rò ó. Ní ọjọ́ kejì, ọlọ́pàá ìdí agbòòrùn yà sọ́dọ̀ ẹni tó ń kun ọkọ̀, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ń lọ, ó juwọ́ sí Adéníran. Ìgbà kejì tí ìyá náà wá, Adéníran gba ẹ̀yìn ìsọ̀ jáde, ó jókòó sí ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ títí obìnrin náà fi lọ.

Motúnráyọ̀ ló wà níwájú ìsọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Òun ló gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ìyá arúgbó, ìdọ̀bálẹ̀, ìlérí, gbogbo rẹ̀. Ní alẹ́ kò bínú. Ó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó jókòó tì í.

"Bàbá Kíkẹ́, kí lo gbọ́ nínú ọ́fíìsì yẹn?"

"Mi ò gbọ́ dáadáa."

"Ẹnu ọ̀nà ni o ti máa ń gbọ́ bí mo bá ń ṣí ìkòkò ní ẹ̀yìnkùlé."

Motúnráyọ̀ gbé oúnjẹ kúrò, kò sì bi í mọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bó bá fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ ló ń fi rìn. Kò wọ píkọ́ọ̀pù náà mọ́.

Ìgbà kẹta, òjò ń rọ̀. Adéníran ń fa awọ léda pupa lórí àga ọ́fíìsì kan, ó tẹ̀ba, kò rí ẹni tó wọlé. Nígbà tó máa gbójú sókè, ìyá Síkírù ti wà nínú ìsọ̀, aṣọ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó sì dúró sí àlàfo kan ṣoṣo tó gba àárín àga lọ sí ìlẹ̀kùn méjèèjì. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìlẹ̀kùn iwájú wà lẹ́yìn rẹ̀ náà. Àga ló kún ibi tó kù.

Ó di orí àga kan mú, ó rọra ń sọ orúnkún kan kalẹ̀. Adéníran rí ohun tó fẹ́ ṣe.

"Mama, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

Ó sọ orúnkún kejì kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sáàárín ìdọ̀tí fóòmù àti ìṣó tó já sílẹ̀, ẹni tó jù ú lọ ní ogún ọdún, ó sì ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọbìnrin tó ń kí bàbá rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ọmọ mi ti ń rà," ni ó wí. "Mo rí i lánàá. Gbólóhùn kan péré ni mo fẹ́ lẹ́nu rẹ, Adéníran. Èyí tí o gbọ́. Mo fi ìkúnlẹ̀ abiyamọ bẹ̀ ọ́. Ìwọ náà lo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì mi."

"Ẹ dìde, Mama."

"Mi ò dìde. Àfi kó o gbà."

Ọ̀rọ̀ Adéníran fúnra rẹ̀ ni. Òjò ń lu páànù. Ẹni tó ń jó irin ti dá iṣẹ́ dúró, ó yọjú, ó rí obìnrin arúgbó lórí ìkúnlẹ̀, ó sì fà sẹ́yìn kíákíá bí ẹni tó ṣèèṣì ṣílẹ̀kùn bá ẹni tó ń wẹ̀. Gbólóhùn náà wà níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ ní kí n tì í, ọ̀rọ̀ mẹ́fà tàbí méje, Adéníran ti ń gbọ́ ọ láti oṣù wọ̀nyí wá, nínú òòlù, nínú ẹ́ńjìnnì, nínú gbogbo nǹkan. Ó la ẹnu. Obìnrin náà gbé ojú sókè.

Lójú ọkàn rẹ̀, ó wá rí ọlọ́pàá tó ń juwọ́. Ó rí ṣéènì lẹ́sẹ̀ táyà.

"Mi ò ní ohunkóhun tí mo fẹ́ sọ mọ́, Mama," ni ó wí.

Ó na ọwọ́ sí agolo, ó bu ìṣó ẹ̀kúnwọ́ kan, ó dà á sẹ́nu. Ó tún bu òmíràn, ó dà á sí i, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi yọ. Ó tẹ̀ba sórí àga. Obìnrin náà kò dìde. Ó pe orúkọ rẹ̀, ó tún pè é. Ahọ́n Adéníran ti ìṣó kan síta, ọwọ́ rẹ̀ gbà á, ó sì gbé òòlù.